Ẹsẹ̀ Òsì Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Wọ́

Bàámi tí mo fi ẹsẹ̀ kékeré gùn lẹ́yìn,

Orí bẹ́ǹṣì kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn ní Adó ni mo wà tí mo ti ń kọ èyí. Yèyé wà lórí bẹ́ẹ̀dì nínú wọ́ọ̀dù, ògiri kan péré ló wà láàárín àwa méjèèjì. Ẹ má jáyà, mi ò kọ̀wé láti sọ fún yín pé wọ́n ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Èmi gan-an ni mò ń jáyà. Bí nọ́ọ̀sì bá ti ṣí ilẹ̀kùn báyìí, màá ti dìde kí ó tó pè mí. Ẹ̀yìn ìwé tí mo fi ń kọ orúkọ àwọn oníbàárà mi ni mò ń kọ lẹ́tà yìí sí, nítorí òun nìkan ló wà nínú báàgì mi nígbà tí a sá kúrò nílé.

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọdún méjì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí kí n tó tún sá fún un. Mo rò pé ọwọ́ mi ló pa yín.

Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, àfi ìjẹta tí mo sọ ọ́ fún Yèyé. Láti ìgbà náà, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀.

N ó tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ tíṣà ò fẹ́ràn kí ọmọ máa bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti àárín. Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń ti oko kòkó dé, tí ẹ ó tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ẹ ó dojú bolẹ̀, tí ẹ ó sì ní kí n wá gùn yín lẹ́yìn? Mi ò tíì wọ ilé-ìwé nígbà yẹn. Màá di ògiri mú, màá máa tẹ ẹ̀yìn yín láti ìbàdí dé èjìká, bí ẹni ń tẹ ẹrẹ̀ ilé. Egungun yín á máa ró, ẹ ó mí kanlẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ló wà láàárín àwa méjèèjì. Bí ẹ bá ti ní ó tó, mo gbọ́dọ̀ fò sílẹ̀. Kì í ṣe kí n tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kì í ṣe kí n bẹ̀bẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni. Mo máa ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́, ẹ ó sì máa rẹ́rìn-ín lórí ẹní níbẹ̀.

Nígbà tí mo dàgbà tí iṣẹ́ ìjọba kò bọ́ sí i, tí mo lọ ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní ilé àlejò kékeré kan lọ́nà Ìkògòsì, ẹ ò sọ̀rọ̀. Ìgbà tí mo sọ fún yín pé màmá àgbà kan níbẹ̀ ti ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wọ́ ara fún àlejò ni ẹ fajú ro. Ọmọ tíṣà, ọmọ tó kàwé, kí ó wá máa fi òrí pa ẹ̀yìn ẹni ẹlẹ́ni. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì ráhùn. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ta ló kọ́kọ́ bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì tó na ọrùn sílẹ̀ fún mi? Ẹ̀yin náà ni. Ẹ ní kí n kàn dán an wò, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ń bá wí. Kò pẹ́ tí ẹ fi ń hanrun.

Láti ọjọ́ náà, omi gbígbóná Ìkògòsì ni ẹ máa ń ní kí n bù bọ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì. Kí n tó gun ọ̀kadà dé ilé wa ní Ìdó-Ilé, omi náà á ti tutù nini, Yèyé á tún gbé e kaná. Mo bi yín léèrè ohun tí ó fi yàtọ̀ sí omi kànga wa. Ẹ ní ara yín mọ̀ ọ́n. Ta ni mo fẹ́ bá jiyàn?

Lẹ́yìn náà ni ọ̀kadà gbé yín ṣubú lọ́nà oko. Egungun kankan kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n ìbàdí dùn yín débi pé ẹ ò lè dá dìde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ẹ fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀yin tí ẹ kì í fìdí mọ́lẹ̀ jẹun tán. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni ẹsẹ̀ òsì yín wú. Òun nìkan ló wú. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun yín le, awọ rẹ̀ ń dán, ó sì gbóná lọ́wọ́ ju ti ọ̀tún lọ. Gbogbo ìyẹn ni mo rí, Bàámi. Ojú mi rí i, ọwọ́ mi náà mọ̀ ọ́n. Mi ò kàn mọ ohun tó ń jẹ́ ni.

Ọjọ́ Sátidé ni, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Yèyé gbé omi kaná, mo fi tówẹ̀lì jó ẹsẹ̀ náà, mo bu òrí sí àtẹ́lẹwọ́. Gbogbo wa gbà pé ẹ̀jẹ̀ ló sùn síbẹ̀ nítorí pé ẹ ti dùbúlẹ̀ jù, pé ká jí i kó lè máa rìn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é nílé ẹlòmíràn. Ẹsẹ̀ tó bá wú, omi gbígbóná ni, òrí ni, kí a sì wọ́ ọ sókè. Mo fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀ ẹ́ láti ọrùn ẹsẹ̀ dé orúnkún, láti orúnkún dé itan. Orí mi wú lọ́jọ́ náà, n ò ní parọ́. Ó ń ṣe mí bíi pé mo ti di dókítà. Nígbà tí mo dé ibi tó le jù, ẹ sọ nǹkan kan. Rédíò wà lórí tábìlì, ìròyìn ń lọ lọ́wọ́, ó ń pariwo, mi ò gbọ́ ohun tí ẹ sọ dáadáa. Mò ń bá iṣẹ́ mi lọ.

Ẹ sùn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ sùn fọnfọn, Yèyé fi aṣọ bò yín, wọ́n fi ọwọ́ júwe fún mi pé kí n rọra máa rìn. Nígbà tí ó di aago mẹ́rin, ẹ dìde pé ẹ fẹ́ lọ tọ̀. Ẹ rìn dé ẹnu ọ̀nà yàrá. Ẹ di férémù ilẹ̀kùn mú, ẹ fi ọwọ́ kejì di àyà, ẹ ń wá èémí bí ẹni tó sáré gun òkè. Ojú yín ń wá mi kiri. Kí n tó gbé yín jókòó, ẹ ti lọ.

Àwọn ará ilé ní ọkàn ni. Àlùfáà ní ọjọ́ ló pé. Yèyé ò bá wọn dá sí i, wọ́n ní ohun tiwọn tí wọ́n ń sọ fún gbogbo ẹni tó wá kí wa, tí wọ́n sì ń sọ títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní ọkọ wọn kò jìyà. Wọ́n ní ọwọ́ ọmọ àwọn ló kẹ́yìn sí i lára, pé ọmọ náà wọ́ ọ títí gbogbo ìrora fi kúrò, tó fi sùn bí ọmọ tuntun kó tó lọ. Wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n ń jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n sọ ọ́ fún ẹni tó bá jókòó tì wọ́n nínú ọkọ̀. Bí mo bá wà níbẹ̀, wọ́n á gbá ọwọ́ mi mú, wọ́n á gbé e sókè kí onítọ̀hún lè rí i. Ohun tí wọ́n fi ń tu ara wọn nínú nìyẹn, inú èmi náà sì máa ń dùn.

Ọdún kejì tí ẹ lọ ni mo wá forúkọ sílẹ̀ láti kọ́ iṣẹ́ náà dáadáa ní Adó níbí. Mo ní kí n má kàn máa fi òrí pa ènìyàn lára lásán. Olùkọ́ wa jẹ́ obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó kọ́ wa ní orúkọ iṣan àti egungun, ó kọ́ wa bí a ṣe ń mọ ẹni tí ara rẹ̀ ń gbà á àti ẹni tó kàn ń fara dà á. Lọ́jọ́ kan, ó kọ àwọn tí a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ wọ́ sójú pátákó. Ẹni àkọ́kọ́ ni ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo wú, tó le, tó gbóná, pàápàá tí ó bá ti pẹ́ lórí ìdùbúlẹ̀ tàbí tó jókòó pẹ́ nínú ọkọ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú iṣan ńlá inú ẹsẹ̀ náà. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, ó lè já kúrò ní àyè rẹ̀, kó gòkè lọ dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ó ní onítọ̀hún á di àyà mú, á máa wá èémí, kò sì ní pẹ́.

Bírò bọ́ lọ́wọ́ mi. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń kọ ọ́ sínú ìwé, èmi dìde, mo lọ bì sẹ́yìn kíláàsì. Nígbà tí mo wọlé padà, ó bi mí bóyá mo lóyún ni. Mo ní rárá, pé mi ò jẹun ni.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Mo gbìyànjú ẹ̀. Mo tilẹ̀ lọ ń ta káàdì fóònù fún oṣù díẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ ń ṣe lára ènìyàn, Bàámi, ó ju ohun tí èmi àtẹ̀yin rò lọ. Mo ní yàrá kan ní Ìjerò báyìí, mo kùn ún ní funfun, bẹ́ẹ̀dì tóóró kan ló wà níbẹ̀. Obìnrin kan tó ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé rí wá sọ́dọ̀ mi nítorí èjìká tó gan. Mi ò tíì pẹ́ lórí èjìká náà tó fi bú sẹ́kún. Mo rò pé mo ṣe é léṣe ni. Ó ní rárá o, pé láti ìgbà tí ọkọ òun ti kú, kò sí ẹni tó fọwọ́ kan òun mọ́, àfi àwọn tó ń bọ òun lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó sunkún tán, ó sùn. Ó jí, ó ní òun kò mọ̀ pé òun ti ń gbé èjìká sókè láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó máa ń rí. Ẹni tó wọlé tí èémí rẹ̀ ń sáré, èémí náà á wálẹ̀, á gùn. Ọwọ́ tó dì á tú. Ẹni tí kì í rí oorun sùn nílé á máa hanrun níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọn ò sọ fún ọmọ tí wọ́n bí á máa jáde lẹ́nu wọn, tí wọ́n dojú bolẹ̀, bí ẹni pé ilẹ̀ ni wọ́n ń bá sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n bí ara tiwọn ṣe ń tú ni tèmi ń dì. Kí n tó wo ojú ènìyàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo ń wò. Ìbéèrè tí mo ń bi wọ́n pọ̀ débi pé àwọn kan ń dìde lọ, wọ́n ní ṣé ọlọ́pàá ni mí. Ìgbà tí wọ́n bá sùn lórí bẹ́ẹ̀dì mi ni ẹ̀rù máa ń bà mí jù. Màá tẹ etí sí imú wọn láti gbọ́ bóyá wọ́n ṣì ń mí. Bàbá àgbà kan láti Ẹ̀fọ̀n lajú lọ́jọ́ kan, ó rí ojú mi lókè ojú ẹ̀, ó ní ṣé mo fẹ́ jí eyín òun ni. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó tún sùn, mo tún tẹ etí sí i.

Ẹni kan ṣoṣo tí mi ò fọwọ́ kàn ni Yèyé. Ọdún méjì gbáko. Bí wọ́n bá ní ẹ̀yìn ń ro àwọn, oògùn ni màá rà bọ̀. Bí wọ́n bá ní kí n wá bá àwọn wọ́ ọrùn, màá ní oníbàárà ń dúró dè mí. Mò ń wọ́ gbogbo Ìjerò, mi ò wọ́ ìyá mi. Wọ́n rò pé iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún mi ni, wọ́n sì ń gbàdúrà kí ó túbọ̀ pọ̀.

Oṣù tó kọjá, wọ́n lọ sí Èkó lọ wẹ ọmọ fún àbúrò mi. Ẹ bá wa yọ̀, obìnrin ló bí, imú yín ni ọmọ náà gbé wá. Bọ́ọ̀sì tí Yèyé wọ̀ padà kún bámúbámú, àpò ìrẹsì há wọn lẹ́sẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, wọn ò sì sọ̀ kalẹ̀ nítorí wọn ò fẹ́ kí ẹlòmíràn gba ààyè wọn. Ìjẹta ni mo lọ kí wọn káàbọ̀. Wọ́n wà lórí àga yín, wọ́n gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé àpótí. Mo ti rí ẹsẹ̀ náà kí n tó kúnlẹ̀. Ó wú, ó ń dán, ìkejì rẹ̀ sì wà ní tirẹ̀.

Wọ́n ní ó mà dáa tí mo wá, pé àwọn ti ń retí mi láti àná. Omi ti wà lórí iná. Mo ní mi ò mú òrí lọ́wọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní irú awọ́ra wo ló ń rìn láìsí òrí, wọ́n sì na ọwọ́ sẹ́yìn àga, wọ́n gbé igbá òrí tiwọn jáde. Mo ní ẹ jẹ́ ká lọ rí dókítà ná. Wọ́n ní dókítà fún kí ni, pé àwọn ní ọmọ tó mọ iṣẹ́ nínú ilé, kí àwọn wá lọ máa tò síta bí aláìlẹ́nìkan? Wọ́n ní ọwọ́ tó tu bàbá mi lára ni àwọn fẹ́ kó tu àwọn náà lára.

Mo dúró bí òpó. Wọ́n ti bu òrí, wọ́n fi pa ẹsẹ̀, wọ́n ní bí ó bá rẹ̀ mí kí n jókòó, pé àwọn á fọwọ́ ara àwọn ṣe é. Mo rí àtàǹpàkò wọn tó ń lọ sí ibi tó le yẹn. Mo já lu ọwọ́ wọn. Mo dì í mú tagbáratagbára, igbá òrí dojú dé sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́nu mi níbẹ̀. Ohun tí olùkọ́ kọ sójú pátákó, ẹsẹ̀ yín, ìgbóná rẹ̀, ọ̀nà tí ẹ gbà di àyà mú. Mo ní Yèyé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọwọ́ mi yìí ló pa á.

Wọ́n ní ṣé ohun tí mò ń sọ fún àwọn ni pé ọkọ àwọn kò sinmi, pé wọ́n pa á ni? Wọ́n fa ọwọ́ wọn gbà lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ìdí aṣọ nu òrí náà kúrò, wọ́n ní kí n wá ọkọ̀. Láti ilé títí tí a fi kọjá Aramọkọ tí a fi dé Adó, ojú fèrèsé ni wọ́n kọ sí.

Wọ́n yẹ ẹsẹ̀ náà wò lórí ẹ̀rọ. Ẹ̀jẹ̀ ti dì níbẹ̀ lóòótọ́, ó gùn dé itan. Dókítà náà kéré lọ́jọ́ orí, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní kí a dúpẹ́ gidigidi pé ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ wọ́ ọ. Ojú Yèyé ló ti sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n yíjú sí ògiri, mo sì mọ ohun tí wọ́n ń rò, nítorí ohun kan náà ni mò ń rò.

Mo tẹ̀ lé dókítà náà jáde. Mo sọ ọ̀rọ̀ yín fún un, mo bi í bóyá èmi ni. Ó ní kò sí ẹni tó lè mọ̀ ọ́n mọ́. Ó ní ó lè jẹ́ pé yóò já fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ náà, nígbà tí ẹ dìde láti lọ tọ̀, kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn yín. Ó lè jẹ́ pé ọwọ́ mi ni. Ó lè má tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì rárá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni mo fẹ́ fi ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ṣe, Bàámi? Ṣé ó dùn yín? Ṣé ẹ mọ̀ nígbà tí ó já? Nígbà tí ojú yín ń wá mi kiri lẹ́nu ọ̀nà yẹn, ṣé ẹ fẹ́ kí n ràn yín lọ́wọ́ ni, àbí ẹ fẹ́ bi mí pé kí ni mo ṣe fún yín?

Wọ́n ń gún Yèyé ní abẹ́rẹ́ sí ikùn, kí ẹ̀jẹ̀ náà má bàa dì sí i. Àwọn dókítà ní ewu kò tíì kúrò, pé kí Yèyé má ṣe dá dìde. Wọ́n ń gba oúnjẹ tí mo bá gbé wá, wọ́n ń jẹ díẹ̀, wọn ò sọ nǹkan kan. Mo ti gba ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń tu ara wọn nínú lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá sì kú lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn láì bá mi sọ̀rọ̀, mi ò mọ ibi tí n ó gbé orí mi gbà.

Nọ́ọ̀sì ń pè mí. Ẹ dúró dè mí, Bàámi.

Mo ti padà sórí bẹ́ǹṣì. Ẹ má wo bí mo ṣe ń kọ̀wé.

Yèyé ló ní kí wọ́n pè mí. Wọ́n na ọwọ́ òsì jáde lábẹ́ aṣọ, wọ́n ṣí àtẹ́lẹwọ́ sókè. Wọ́n ní kí n wọ́ ọ. Mo wo nọ́ọ̀sì. Ó ní wíwọ́ ọwọ́ kò léwu, kí n ṣá má fọwọ́ kan ẹsẹ̀. Síbẹ̀ òógùn bò mí. Mo nu ọwọ́ mi mọ́ aṣọ lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó lè mú tiwọn. Kò sí òrí, kò sí omi gbígbóná. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìdí àtàǹpàkò wọn, mo rọra ń lọ. Ọwọ́ wọn ti fúyẹ́, Bàámi. Mi ò mọ̀, nítorí mi ò fọwọ́ kàn án.

Wọ́n ń wo àjà. Wọ́n ní ta ló gbé omi kaná lọ́jọ́ Sátidé yẹn? Mo ní Yèyé, ẹ̀yin ni. Wọ́n ní ta ló dúró lórí mi tó ní kí n má fi mọ sí orúnkún, pé kí n fà á dé itan? Mi ò rántí. Mo búra fún yín, mi ò rántí pé wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àwọn rántí. Wọ́n ní ohùn ara àwọn ni àwọn ti ń gbọ́ láti ìjẹta, fà á dé itan, fà á dé itan. Wọ́n ní àwọn ò bá mi jà. Àwọn ń dúró kí èmi náà rántí ni, kí n wá bá àwọn jà. Ẹ̀rù ojú mi ló ń bà wọ́n, bí ẹ̀rù ojú wọn ṣe ń bà mí. A sunkún, ṣùgbọ́n a ò lè pariwo nítorí àwọn aláìsàn yòókù.

Mò ń wọ́ ọwọ́ náà lọ. Ìka wọn tú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n mí kanlẹ̀, èémí wọn gùn, ojú wọn ń pa dé. Nígbà tí mo dé ọrùn ọwọ́, wọ́n ní ó tó.

Mo gbé ọwọ́ mi kúrò lójú ẹsẹ̀.

Wọ́n sùn. Ẹ̀rù tó bà mí nígbà náà, mi ò lè ròyìn rẹ̀ tán. Ẹ̀yin náà sùn báyẹn. Mo wo aago ara ògiri, ó ti ń lọ sí aago mẹ́rin. Mo jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, mò ń wo bí aṣọ tó bò wọ́n ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, mi ò gbójú kúrò níbẹ̀. Ó lu mẹ́rin. Aṣọ náà ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ó kọjá mẹ́rin. Wọ́n lajú, wọ́n wò mí, wọ́n ní ṣé mo ti jẹun láti àárọ̀. Mo ní mo ti jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Irọ́ ni, wọ́n sì mọ̀, wọ́n ní kí n jáde lọ wá nǹkan jẹ. Dókítà ní ó ku ọjọ́ bíi mélòó kan kí a tó lè fọkàn balẹ̀. Ẹ̀rù kò tíì kúrò lára mi, mi ò mọ̀ bóyá yóò kúrò.

Ó ku ẹyọ kan tí mi ò sọ fún Yèyé, tí mi ò sì ní sọ fún wọn. Mo kọ ọ́ sókè pé rédíò ń pariwo lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo ti ń sọ fún ara mi nìyẹn láti ọdún méjì. Rédíò ò pariwo. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ti ní kí n dín in kù. Nígbà tí mo dé ibi tó le yẹn, ẹ di etí bẹ́ẹ̀dì mú, ẹ ní ó tó. Mo rẹ́rìn-ín, mo tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Mo gbọ́ yín, Bàámi.

Èmi ni,
ọmọ yín tó yẹ kó ti fò sílẹ̀, tó fẹ́ràn yín.